Ibi Tó Tẹ̀ Lábẹ́ Ọkọ̀ Tíṣà

"Òtítọ́ yìí ti pẹ́ nínú mi jù, ó ti ń rà," ni ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àtẹ́lẹwọ́ wí lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. "Lónìí ni màá tú u síta. Ẹni tó bá fẹ́ ṣépè kó ṣépè, ẹni tó bá fẹ́ sunkún kó sunkún. Mi ò lè gbé e wọ inú sàréè."

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ẹsẹ̀ fún un nínú abọ́ ńlá kan. Ó ti fọ ọ̀kan tán, ó ti fi aṣọ nù ún gbẹ. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń dẹ́rù bà wá lọ́sàn-án gangan. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kejì wá jàre, omi ń tutù."

Ẹ gbọ́, ó ní jàre! Ká ní ó mọ ohun tó ń bọ̀ ni, abọ́ yẹn ì bá ti fò lu ògiri. Ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀? Ó gba ẹsẹ̀ kejì, ó tì í bọ omi, ó sì ń fi kànìnkànìn ha gìgísẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wẹ ọmọ ìkókó.

Ọ̀dà tí Àtẹ́lẹwọ́ ti ń fín sára ọkọ̀ láti kékeré ló jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dókítà ò fi bò fún un, ó ní ohun tó kù ò tó nǹkan mọ́. Àmọ́ kì í ṣe ikú ló ń bà á lẹ́rù. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni àbúrò yìí sọ fún nọ́ọ̀sì, létí rẹ̀ báyìí, pé, "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi dáadáa o. Nígbà tí gbogbo ayé kẹ̀yìn sí mi, òun nìkan ló dúró tì mí." Yéè! Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àtẹ́lẹwọ́ ju abẹ́rẹ́ lọ. Bí àbúrò ṣe jáde lọ ra oúnjẹ ló bẹ nọ́ọ̀sì pé kó bá òun pe Tíṣà, obìnrin olùkọ́ tí bàbá rẹ̀ kú sínú iná, kó sọ fún un pé kó jọ̀ọ́, kó má kọ̀, kó wá lónìí.

Tíṣà wá lóòótọ́. Ó jókòó sórí àga onírọ́bà lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orúnkún. Kò kí àbúrò, àbúrò náà ò sì lè gbójú sókè wò ó. Nọ́ọ̀sì ní tiẹ̀ ń bá iná orí bẹ́ẹ̀dì jà. Bó bá tẹ súwíìṣì rẹ̀, á tàn, á kú, á tún ṣẹ́jú, á kú pátápátá. "Iná yìí ti ń ya wèrè látọjọ́ yìí," ló wí. Ó yíjú sí àbúrò. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ ò mọ nǹkan kan nípa iná?"

"Rárá o," ni àbúrò dáhùn wéré. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa iná."

Ẹ má wulẹ̀ dá a lóhùn. Ọkùnrin tó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa iná yìí, òun ló fa wáyà sí ìdajì ilé tó wà ládùúgbò wọn. Tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n máa ń ní bí iná bá ṣe àìsàn, òun ni dókítà rẹ̀. Láti ìgbà tí ilé Tíṣà ti jó ni kò ti fọwọ́ kan wáyà mọ́, ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà kan ló ń ṣọ́, ó ń ṣí géètì, ó ń ti géètì. Bí gílóòbù bá kú nínú yàrá ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń bẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ gbọ́ èsì yẹn, ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó ní òun ò lè dúró mọ́.

"Tíṣà," ló wí, "ẹ rántí ọkọ̀ yín, èyí tí kì í mu epo, tó jẹ́ iná lẹ fi ń bọ́ ọ?"

"Báwo ni mo ṣe máa gbàgbé?"

"Èmi ni mo pa bàbá yín."

Nọ́ọ̀sì fi súwíìṣì sílẹ̀. Ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tó ti ń ṣe bí ẹni tó sùn, la ojú rẹ̀ méjèèjì. Àbúrò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ibà ni. Ẹ má dá wọn lóhùn, ibà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn."

"Kì í ṣe ibà," ni Àtẹ́lẹwọ́ wí. "Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Má fi ọwọ́ àánú bò mí lẹ́nu."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé pánẹ́bítà ni mí. Ọkọ̀ tó bá fara gbá, tó tẹ̀, tó wó, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá kí n na ara rẹ̀ padà. Orúkọ tí ẹ ń pè mí yìí, ìyangàn mi ni. Bí mo bá tún ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe tán, màá di ojú, màá fi àtẹ́lẹwọ́ rìn ín láti òkè délẹ̀. Bí ọwọ́ mi ò bá ti mọ ibi tó tẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́, iṣẹ́ parí nìyẹn. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi pé ojú lè purọ́, àtẹ́lẹwọ́ kì í purọ́. Ẹ gbọ́ ẹnu mi! Nígbà tí tírélà kọ lu Tíṣà, tó sì tì í gun kọnkéré àárín títì, ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá. Ilẹ̀kùn méjì wọlé, ẹsẹ̀ iwájú kan yẹ̀. Ọkùnrin tó wá láti ilé iṣẹ́ adójútòfò, àwọn tó máa ń san gbà-má-bínú fọ́lọ́kọ̀, yí i ká, ó ń nu ìgò ojú rẹ̀ ṣáá. Ó ní, 'Ọ̀gá, irú ọkọ̀ yìí, abẹ́ lẹ̀mí ẹ̀ wà. Bátìrì ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ ẹ̀ látiwájú dẹ́yìn bí ẹní. Ilẹ̀kùn tó tẹ̀, ẹ lù ú bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n bí abẹ́ bá tẹ̀, ì báà ṣe díẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ẹ pè mí. Wọ́n máa kọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ pé ó ti kú ni, nítorí ẹnikẹ́ni ò lè mọ ohun tó ti fọ́ nínú ẹ̀.' Mo ní mo ti gbọ́. Gbọ́ wo? Etí mi gbọ́, orí mi ò gbọ́.

"Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, mo wọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Mo sì rí i. Ó tẹ̀ wọnú. Kò ju ìdí ife ìmumi lọ, ṣùgbọ́n ó tẹ̀. Kí ló yẹ kí n ṣe? Kí n gbé fóònù ni, kí n pe ọkùnrin yẹn. Ọmọ kékeré mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ oníná àkọ́kọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn, gbogbo pánẹ́bítà àdúgbò ló ń yọjú wò ó, tí wọ́n ń kí mi kú oríire. Mo ń rò ó pé, ṣé kí wọ́n wá wọ́ ọ jáde níṣojú wọn, kí wọ́n máa wí pé apá Àtẹ́lẹwọ́ ò ká a? Ẹ̀yin ènìyàn, kì í tiẹ̀ ṣe owó. Ká ní owó ni, ǹ bá rí nǹkan fi ṣe àwáwí. Ìgbéraga lásán ni. Mo po gọ́ọ̀mù líle, mo fi lẹ irin mọ́ ibi tó tẹ̀, mo fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Mo fi pọ́tì dí èyí tó kù, mo fi pépà ha á, mo kùn ún lọ́dà dúdú. Nígbà tí mo di ojú tí mo fi ọwọ́ rìn ín, kò sí nǹkan kan. Awọ nìkan ni mo fà, egbò ṣì wà nínú. Ẹ wá gbọ́ èyí tí mi ò lè fi àìmọ̀ gba ara mi sílẹ̀ níbẹ̀: mo bu eruku ilẹ̀, mo fi pa ọ̀dà náà kó má baà dán bí tuntun. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe burúkú, ṣé ó máa ń fi eruku bò ó?"

Ikọ́ gbé e. Nọ́ọ̀sì gbé omi sí i lẹ́nu, ó mu díẹ̀, ó da díẹ̀ sí àyà. Ọwọ́ àbúrò ṣì wà nínú abọ́, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ha ẹsẹ̀ mọ́.

"Ọkùnrin adójútòfò náà padà wá," ni Àtẹ́lẹwọ́ ń bá a lọ. "Ó sùn sílẹ̀ gbalaja, ó ti orí bọ abẹ́ ọkọ̀. Ó ní, 'Ọ̀gá, kò sí nǹkan kan níbí?' Mo ní, 'Ẹ fọwọ́ kàn án.' Ó fọwọ́ kàn án. Ó dìde, ó ń gbọn eruku mi kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní, 'Orí Tíṣà mà dáa o! À bá ti kọ ọkọ̀ yìí sílẹ̀.' Mo rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín, Tíṣà. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ yẹn, kí ni ì bá ná mi? Ìtìjú ọ̀sán kan."

Tíṣà ti gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ìwọ àbúrò mi, ìwọ lo fa wáyà tí ọkọ̀ náà fi ń gba iná sí gáréèjì wọn. Lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ̀ náà délé, kí lo bi mí kí o tó fi iná sí i?"

Àbúrò dáhùn bí ẹni tó ń kàwé síta. "Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé abẹ́ rẹ̀ ò gbá nǹkan? Wọ́n ní bó bá ti gbá nǹkan, iná ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.'"

"Kí ni mo wí?"

"Ẹ ní kí n fọwọ́ kàn án."

"O ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dán." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ jáde látinú omi, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. "Ó dán, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ wo ayé! Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ti ń sunkún láìmọ̀. Ọkùnrin bẹ́ẹ̀dì kejì sì ń ké "Háà! Háà!" lábẹ́ aṣọ ìbora. Tíṣà wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ.

"Ọ̀sán bí irú èyí ni. Mo wà ní kíláàsì, mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n wá pè mí pé ọkọ̀ ti gbiná níbi tó ti ń gba iná ní gáréèjì, kí n máa bọ̀. Bàbá mi máa ń sùn lọ́sàn-án nínú yàrá tó fara ti gáréèjì, nítorí ó ní ibẹ̀ tutù. Ìdí ilẹ̀kùn ni panápaná ti bá a. Sálúbàtà kan wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó ń wá ìkejì ni, ẹ gbọ́ mi? Bàbá mi kì í fi ẹsẹ̀ kan jáde. Èéfín ti kún ilé, ó ń wá sálúbàtà kejì."

Àtẹ́lẹwọ́ bú sẹ́kún. Kó sunkún, ẹkún náà ò tíì tó! Nítorí, ẹ̀yin ará mi, ohun tó sọ títí dé ibí yìí, kò tíì burú tó èyí tó kù. Ìdí nìyí tí mo ṣe ń kanra mọ́ ọkùnrin yìí bí mo ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, a lè gbé ojú kúrò. Èyí tó ṣe lẹ́yìn iná ni mi ò tíì rí ibi gbé e sí.

"Ọ̀gá panápaná bi mí," ló wí, "ó ní, 'Ẹ̀yin lẹ tún ọkọ̀ yìí ṣe. Ṣé bátìrì rẹ̀ fara gbá?' Mo ní rárá. Ó wo wáyà tó ti yọ́ mọ́ ògiri, ó ní, 'Á jẹ́ pé wáyà ni.' Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn dákẹ́. Ìdákẹ́ náà máa ń nàka, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ti ń pe orúkọ àbúrò mi. Mo bá a nílé rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ le. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, mo de ìdí wáyà yẹn le. Mo dán an wò kí n tó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe èmi.' Mo rí i pé kò ní gbà. Bí kò bá sì gbà, wọ́n á wádìí síwájú, wọ́n á sì dé ọ̀dọ̀ mi. Mo bá jókòó tì í, mo gbé ọwọ́ lé e léjìká bíi bàbá. Mo ní, 'Ṣé ó dá ọ lójú?' Ó ní ó dá òun lójú. Mo ní, 'Ọjọ́ tí o ṣe é, ṣebí orí ń fọ́ ọ? Ṣebí o ní kí n bá ọ ra oògùn?' Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, 'Ìdè tó kẹ́yìn tó di wáyà mú ńkọ́? Rántí dáadáa. Ṣé o rí ara rẹ tó ń yí i?' Ó di ojú, ó ń wá a nínú ọpọlọ rẹ̀. Mo tún bi í. Mo tún bi í. Mo ń fi ọ̀rọ̀ ha orí rẹ̀ bí mo ṣe fi pépà ha abẹ́ ọkọ̀ yẹn, títí tí ibi tó dá a lójú fi dán, tí kò rí i mọ́. Nígbà tó yá, ó la ojú, ó wò mí, ó ní, 'Ó lè jẹ́ pé mi ò dè é le.' Mo ní, 'Kò burú. Má bẹ̀rù. Èmi náà á bá ọ lọ bẹ̀ wọ́n.'"

"Olúwa mi o!" ni nọ́ọ̀sì ké.

"Mo mú un lọ. A jọ kúnlẹ̀ níwájú Tíṣà àti ẹbí rẹ̀. Ó sunkún, ó ní òun lòun pa bàbá wọn, pé òun ò de wáyà le. Èmi, tí mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní, 'Ọmọdé ló ń ṣe é, ẹ fojú àánú wò ó.' Àwọn èèyàn ń mi orí, wọ́n ń wí pé irú ẹ̀gbọ́n báyìí ṣọ̀wọ́n. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Tíṣà, ẹ̀yin fúnra yín gbé omi fún mi mu."

Tíṣà dìde. Báàgì jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀. "Mo gbé omi fún yín," ló wí. "Mo gbé omi fún yín mu, mo sì ní kí àbúrò yín má gba ojúde mi kọjá mọ́ láyé." Ó yíjú sí àbúrò, ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo rí yín lẹ́nu géètì ilé ìtajà yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣí i fún mi, mo tutọ́ sílẹ̀. Ẹ bá mi gbàgbé ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Àbí ẹ ò rí i? Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tọrọ ìdáríjì.

Ó dà bíi pé àbúrò kò tíì dé ibi tí àwọn yòókù wà. Ó dìde lórí orúnkún, ó nu ọwọ́ tútù mọ́ ara ṣòkòtò, ó sì jáde. Ẹsẹ̀ kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbẹ, ìkejì ṣì wà nínú omi. Aṣọ ìnusẹ̀ wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó mú un.

"Ó ti lọ," ni Àtẹ́lẹwọ́ wí. "Ó tọ́ kó lọ." Ó wá kọjú sí nọ́ọ̀sì bí ẹni pé àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló dúró síbẹ̀. "Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ ní ibi tó bá tẹ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn, kí wọ́n jẹ́ kó tẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Kí wọ́n má gbójú lé iyì kankan tó bá ní eruku lórí. Ìgbéraga mi kò tó ìdí ife lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn."

Ilẹ̀kùn ṣí. Àbúrò ló wọlé. Ó mú tẹ́sítà lọ́wọ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń dán iná wò. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ iná ilé ìwòsàn ló ti yá a. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun pa iná yàrá náà láti ìdí rẹ̀, nọ́ọ̀sì sáré lọ pa á. Ó tú súwíìṣì orí bẹ́ẹ̀dì. Ìdè kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àbúrò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Wáyà kan ti tú nínú súwíìṣì náà. Ó ti wáyà náà bọ ihò rẹ̀, ó yí ìdè mọ́ ọn, ó tún yí i, ó sì fà á wò. Wáyà ò mì.

Ìgbà yẹn ló tó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ fọwọ́ kàn án."

Àtẹ́lẹwọ́ na ọwọ́ tó ti gbẹ hangogo sókè, ó fa wáyà náà.

"Ṣé mo dè é le?"

"O dè é le."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ti ilé Tíṣà ńkọ́?"

"O dè é le. O dè é le lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo tú u nínú orí rẹ. Dárí jì mí, ọmọ ìyá mi."

Àbúrò dé súwíìṣì padà, ó ké sí nọ́ọ̀sì pé kó tan iná. Ó tàn, kò ṣẹ́jú. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sójú Àtẹ́lẹwọ́, kò sì ríbi gbé ojú náà sí.

"Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wá kí yín," ni àbúrò wí, "bí ẹ ṣe wí i yẹn ni kí ẹ máa wí i fún wọn. Títí ohùn yín á fi lọ."

"Ìdáríjì ńkọ́?"

Àbúrò bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kejì jáde látinú abọ́. Ó mú aṣọ nílẹ̀, ó sì fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ kó nu ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Omi ti tutù," ló wí, ó gbé abọ́ náà, ó lọ dà á nù.